Igi inú ọgbà wa ní Lọ́kọ́jà: ta ló ń gé e, ta ni yóò sì san owó ọsibítù?

Ní Lọ́kọ́jà níbí, bí òjò àkọ́rọ̀ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìjì ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Páànù á ṣí, ẹ̀ka á já, wáyà iná á dùbúlẹ̀ sójú títì. Àsìkò yìí gan-an ni onílé àti ayálégbé máa ń sáré wá ẹni tó ní ẹ̀rọ agégi, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ṣéènsọ́ọ̀, pé kó wá bá àwọn gé igi kó tó wó lu ilé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, tí owó rẹ̀ sì kéré jù, òun ló sábà máa ń gba iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ igi kì í dé orí tábìlì ìpàdé ẹgbẹ́ àfi bí ó bá ti bàjẹ́. Ẹ̀ka ti já lu ọkọ̀ ẹnìkan, tàbí ọmọ kan ti já bọ́ láti òkè, akọ̀wé á wá máa ka orúkọ àwọn tó máa dá owó. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ohun tí a fẹ́ wò láti òkèèrè lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Gígé igi láàárín ìlú kì í ṣe iṣẹ́ pọ́ọ́kú. Owó tí a bá rò pé a ti dín kù lọ́wọ́ agégi, àpò ẹgbẹ́ ló máa ń padà jáde.

Kí ló fà á tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Lọ́kọ́jà?

Àkọ́kọ́, ìlú yìí gbóná. Ìsàlẹ̀ òkè Pàtí ló wà, lẹ́bàá ibi tí odò Ọya àti odò Benue ti pàdé, ooru ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣòro kí ẹ rí àdúgbò tí kò ní dóńgóyárò, máńgòrò tàbí igi furúùtù tí àwọn èèyàn ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Orúkọ ìlú náà pàápàá, àwọn kan gbà pé ara igi ló ti wá: "loko" ni Hausa ń pe ìrókò, "ja" sì ni pupa.

Èkejì ni omi. Ẹni tó bá gbé Lọ́kọ́jà ní ọdún 2012 àti 2022 kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un bí omíyalé ṣe ń ṣe. Ní 2022, omi gba títì Lọ́kọ́jà sí Àbújá ní ọ̀nà Koton Karfe, àwọn arìnrìn-àjò há sójú ọ̀nà. Omi á lọ, a ó kun ilé, a ó pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ìdí igi? Igi tí omi dúró sí lẹ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbòǹgbò rẹ̀ lè máa jẹrà nílẹ̀ kí ewé rẹ̀ ṣì máa tutù lókè. Ní àwọn àdúgbò tí omi máa ń dé, bíi Adankolo, Ganaja àti Kabawa, irú igi bẹ́ẹ̀ lè dúró lọ́dún kan tàbí méjì kí ìjì kan tó wá tì í.

Ẹ̀kẹta ni owó. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo tí ṣéènsọ́ọ̀ ń mu ti wọ́n gógó, gáàsì ìdáná náà sì wọ́n, tí ọ̀pọ̀ ilé fi padà sídìí èédú àti igi ìdáná. Nítorí náà, igi tí a gé lulẹ̀ ti di ọjà. Ẹnìkan lè wá bá yín pé, "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ sanwó, ẹ ṣáà jẹ́ kí n gbé igi náà lọ." Ọ̀fẹ́ dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé igi ló fẹ́ gbé, kíá ló máa fẹ́ kó wó lulẹ̀, kò ní fẹ́ lo wákàtí mẹ́rin kó máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Igbó yàtọ̀ sí ọgbà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gé igi fún wa, inú igbó ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́. Àwọn kan bá iṣẹ́ gẹdú wá láti Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Èkìtì. Àwọn mìíràn wọṣẹ́ nígbà tí gbogbo ayé ń wá igi róósúùdù, tí Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń gé e. Àdéhùn àgbáyé CITES fi òwò igi náà sábẹ́ àbójútó ní 2017, ní 2018 wọ́n sì ní kí àwọn orílẹ̀-èdè dẹ́kun ríra á lọ́wọ́ Nàìjíríà. Ẹni tó ti gé igi nínú igbó fún ọdún mẹ́wàá, a ò lè sọ pé kò mọ ẹ̀rọ í lò. Àmọ́ nínú igbó, àyè wà. Igi lè wó sí ìhà tó bá fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìlànà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹnikẹ́ni tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ jìnnà sí igi ní ìlọ́po méjì gíga rẹ̀, ó kéré tán. Igi tó ga tó mítà 10 nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ fi mítà 20 sílẹ̀ yí i ká. Pílọ́ọ̀tì tiwa, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, kò ju bíi mítà 15 sí 30 lọ, ilé sì ti gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kí nìyẹn túmọ̀ sí? Ó túmọ̀ sí pé nínú ọ̀pọ̀ ọgbà ní Lọ́kọ́jà, kò sí àyè láti bi igi odindi ṣubú rárá. Òkè ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ máa gé e wálẹ̀, ẹ̀ka lẹ́yìn ẹ̀ka, kí wọ́n fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn pátápátá nìyẹn, owó rẹ̀ ò sì lè jẹ́ owó ti inú igbó.

Ibi tí ewu ti ń wọlé

A ò sọ pé kí gbogbo alága ẹgbẹ́ di agégi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sanwó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó yẹ kó rí, kó lè sọ pé "ẹ dúró ná" nígbà tí kò bá rí i.

Ewu kìíní wà lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ wo irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí ká. Ní ṣóńṣó iwájú rẹ̀, lápá òkè, ni ibi tó burú jù. Bí ibẹ̀ bá fi kan igi nígbà tí ṣéènì ń sáré, ẹ̀rọ náà á ta padà, á kọjú sí ojú àti ọrùn ẹni tó dì í mú. Ṣéènì náà lè sáré ju mítà 20 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọwọ́ èèyàn ò lè yá tó ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀rọ òde òní fi ní bíréèkì níwájú ọwọ́ òsì. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tí wọ́n ti yọ bíréèkì rẹ̀ dànù, tàbí ẹni tó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gé igi, tàbí tó gbé e kọjá èjìká, ẹ dá a dúró. Ṣéènì tí eyín rẹ̀ ti kú náà léwu: lẹ́búlẹ́bú bí ìyẹ̀fun ló ń tú jáde dípò èérún igi tó nípọn, oníṣẹ́ á sì máa fi agbára tì í títí yóò fi yọ̀.

Ewu kejì ni bí igi ṣe ń ṣubú. Níbi tí àyè bá wà láti bi í ṣubú, ẹni tó mọṣẹ́ kì í gé e láti ẹ̀yìn já sí iwájú. Á kọ́kọ́ la ẹnu sí ìhà ibi tó fẹ́ kó wó sí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú igi. Lẹ́yìn náà ló máa gé ti ẹ̀yìn, kò sì ní gé e pàdé ẹnu náà. Á fi ìdè sílẹ̀ láàárín, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Igi tó bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50, ìdè rẹ̀ á tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ìdè yìí ń ṣe bí irin tó so ilẹ̀kùn mọ́ férémù, òun ló ń darí igi bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá gé e já, igi ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kó tó tan ẹ̀rọ rárá, ó yẹ kó ti ṣán ọ̀nà tí yóò gbà sá, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, kì í ṣe tààrà lẹ́yìn igi, torí pé ìdí igi lè ta padà bá a.

Ewu kẹta ni òkè. Àkàsọ̀ àti ṣéènsọ́ọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ̀ka tó bá já lè gbá àkàsọ̀ dànù, ẹni tó wà lórí rẹ̀ ò sì ní ọwọ́ tó máa fi di nǹkan kan mú. Ẹ̀ka kéékèèké, ayùn àfọwọ́fà tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá gígùn tó wọn, láti ilẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹnìkan gòkè, kó fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ ìtì igi tó lágbára. Ẹ̀ka ńlá, ìgé mẹ́ta ló ń gbà: ti àkọ́kọ́ láti abẹ́, díẹ̀ kúrò lára ìtì igi, ìkejì láti òkè, ó jìnnà díẹ̀ sí i ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìkẹta á wá gé kùkùté tó ṣẹ́ kù. Bí wọ́n bá gé e láti òkè nìkan, á ya èèpo igi wálẹ̀, á sì fì wá sí ara ẹni tó ń gé e. Ẹ má sì fojú kéré ìwọ̀n rẹ̀. Ìtì igi tútù tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, lè tó kílò 250. Àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún nìyẹn.

Ewu kẹrin ni wáyà NEPA. A gbọ́ tí àwọn èèyàn máa ń sọ pé "kò síná, ẹ máa gé e lọ." Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí àwọn ọmọdé máa pariwo "Up NEPA!" Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí wọn ò so dáadáa pàápàá lè rán iná padà sínú wáyà. Igi tútù sì ń gbé iná. Ẹ̀ka tó bá ti sún mọ́ wáyà, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ni kí ẹ kọ̀wé sí kí wọ́n pa iná ojú ọ̀nà náà kí ẹnikẹ́ni tó gòkè. Bó bá pẹ́, ẹ máa lé wọn, ẹ má ṣe dípò wọn.

Ewu karùn-ún ni igi tí ìjì ti wó. Bí igi bá wó lu igi, tòkè rẹ̀ la ń kọ́kọ́ gbé. Òwe ni, ìlànà iṣẹ́ náà ni. Igi tó wó tó sì há, ó tẹ̀ bí ọrun tí wọ́n fà. Ibi tí ẹ bá gé sí láìmọ̀, á ta. Èyí tó bá fi gbòǹgbò hú, bí wọ́n bá gé ìtì rẹ̀ tán, ìdí rẹ̀ lè dìde padà sínú kòtò tó ti hú jáde. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dé inú kòtò yẹn láéláé.

Yàtọ̀ sí ikú òjijì, èyí tó ń pani díẹ̀díẹ̀ tún wà. Ariwo ẹ̀rọ yìí ju 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lọ, ó sì ń jẹ etí. Gbígbọ̀n rẹ̀ ń pa iṣan ọwọ́. Ẹ wo àwọn agégi tó ti dàgbà, bí wọ́n ṣe ń fi ariwo sọ̀rọ̀ láìmọ̀.

Ta ló máa san án?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àpò. Nàìjíríà ní Òfin Owó Ìtanràn fún Òṣìṣẹ́ ti 2010, tí àjọ NSITF ń mójú tó. Agbanisíṣẹ́ á máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò náà, òṣìṣẹ́ tó bá fara pa á rí nǹkan gbà níbẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ pè láti ẹ̀gbẹ́ títì wá gé dóńgóyárò láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ta ni agbanisíṣẹ́ rẹ̀? Ta ló sanwó fún un? Kò sẹ́ni. Bó bá ṣubú, ìyá rẹ̀ ní abúlé àti ẹgbẹ́ wa níbí ni NSITF rẹ̀.

Òfin méjì mìíràn wà tó yẹ kí gbogbo akọ̀wé ẹgbẹ́ mọ̀. Ìpín 20 nínú Òfin Ìlera ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan ò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ìdí yòówù kó jẹ́. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá kọ̀. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé "ẹ lọ mú owó wá ká tó fọwọ́ kàn án", ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ ka ìpín yẹn fún wọn. Èkejì ni òfin ìdójútòfò ìlera ti 2022, tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Kogí ní àjọ tirẹ̀ fún un, ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba náà sì lè forúkọ sílẹ̀. Agégi tó ní káàdì yẹn lọ́wọ́ ti mú apá kan lára ẹrù náà kúrò lórí gbogbo wa.

Kí wọ́n tó dé ọsibítù ńkọ́? Ojú ibi tí ṣéènì bá ti gé, kí ẹnìkan fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára, kó má gbé ọwọ́ kúrò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú yàà láti apá tàbí ẹsẹ̀, tí títẹ̀ ẹ́ kò sì dá a dúró, kí wọ́n fi aṣọ fífẹ̀ dì í pinpin lókè ojú ọgbẹ́ náà, kí wọ́n kọ àkókò tí wọ́n dì í sílẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé e lọ. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má da iyanrìn sí i.

Igi ta ni?

Àwa tí a wá ṣiṣẹ́ sílùú yìí tún ní ọ̀ràn kan tí àwọn onílẹ̀ ò ní. Ọ̀wọ́rọ̀ ń sọ èdè tó sún mọ́ tiwa, àwọn Okun ọmọ ìyá wa ni, Kogí sì ni ilé wọn. Àmọ́ ẹni tó bá wá láti Ọ̀yọ́ tàbí Oǹdó, àlejò ni lórí ilẹ̀ tí Ọ̀wọ́rọ̀, Nupe, Hausa, Bassa, Igala àti Ebira jọ ń gbé. Ojú àlejò gọ̀ngọ̀, kò fi ríran. Igi tí ẹ rò pé ó kàn ń da ewé sórí páànù yín lè jẹ́ èyí tí ìdílé kan ń bọ, tàbí tí wọ́n sin bàbá wọn sí ìdí rẹ̀.

Nítorí náà, ayálégbé ò gbọ́dọ̀ gé igi láìsọ fún onílé, ẹ jẹ́ kó wà lórí ìwé tàbí lórí WhatsApp ó kéré tán. Ẹ̀ka igi aládùúgbò tó kọjá sọ́dọ̀ yín, òfin tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbà yín láyè láti gé e dé orí ààlà. Igi tí ẹ gé àti èso tó wà lórí rẹ̀ ṣì jẹ́ ti onígi. Òfin nìyẹn. Ọgbọ́n ni pé kí ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìrókò, ọ̀gánwó àti irú igi ńlá bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ olórí àdúgbò àti ọ́fíìsì tó ń mójú tó igbó ọba kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ẹ fẹ́ sọ iṣẹ́ àwọn ọmọ wa di ọ̀wọ́n, àwọn ará ibòmíràn á sì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, torí agégi tó ń jẹun lórí iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀tá wa, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ká sọ pé ẹnìkan gba ₦30,000 dípò ₦60,000. Ó dín ₦30,000 kù fún onílé kan. Bí egungun itan rẹ̀ bá ṣẹ́, gbogbo ilé tó wà nínú ẹgbẹ́ ló máa dá owó, òun náà ò sì ní ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ta ló jèrè níbẹ̀?

Ohun tí a dábàá ò le. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra ohun ìdáàbòbò kan tàbí méjì sílẹ̀: akoto tó ní àwọ̀n ojú, ohun ìdí etí, ìbọ̀wọ́, bàtà tó ní irin níwájú, ṣòkòtò tí wọ́n ṣe fún ṣéènsọ́ọ̀, àti okùn tó yè kooro. Kí agégi máa yá a fún owó táṣẹ́rẹ́, kó dá a padà. Kí a ní orúkọ àwọn tó mọ iṣẹ́ inú ìlú dáadáa, kí àwọn yẹn sì kọ́ àwọn ọmọ inú igbó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá nìkan gé igi. Kí owó ìdójútòfò ìlera agégi wà lára owó iṣẹ́.

Kí a sì yí àsìkò padà. Inú ọyẹ́, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tí afẹ́fẹ́ ò le púpọ̀, ló yẹ ká máa ré igi, kì í ṣe ọjọ́ tí ìkùukùu ti ṣú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fá orí igi kodoro. Ẹ̀ka tó máa hù níbẹ̀ kì í rọ̀ mọ́ ìtì dáadáa, òun gan-an ni ìjì ọdún mẹ́ta sí i máa kọ́kọ́ já. Kí wọ́n má mú ju ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ka rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ní báyìí, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ igi sínú ètò ìpàdé oṣù yìí. Kí ènìyàn méjì rìn yí àdúgbò ká, kí wọ́n wo igi tó ti tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ń sán, èyí tí olú hù sí lẹ́sẹ̀, èyí tí ẹ̀ka gbígbẹ wà lórí rẹ̀, àti èyí tó ti fara kan wáyà. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi han onílé. Kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ ṣì dára, tí àyè ṣì wà láti yan ẹni tó máa ṣe é.